Àyè Márùn-ún fún Ènìyàn Mẹ́fà

Obìnrin mẹ́fà ló ń gbé fóònù ní ilé iṣẹ́ Brandvold, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìfúnwàrà fún àwọn ọlọ́sìn màlúù àríwá Wisconsin, ènìyàn márùn-ún péré sì ni kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé agbára rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Curt Vandehei tó gbé e wá láti Green Bay sọ fún wọn lọ́jọ́ tó so ó pọ̀ pé ó lè gba ogún ènìyàn láìmí gúlegúle. Ìwé àṣẹ ètò tó ń darí rẹ̀ ni kò gbà. Àwọn tó ṣe ètò náà ní California ti kọ ọ́ sí i nínú pé bí ẹni márùn-ún bá ti wọlé, kí ó ti ilẹ̀kùn. Ẹni kẹfà tó bá tẹ orúkọ rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni yóò rí lójú dígí: Àyè ti kún.

Ọdún méjì gbáko ni ọ̀rọ̀ yìí fi wà nílẹ̀ tí kò dun ẹnikẹ́ni, torí pé ẹnìkan nínú wọn máa ń wà ní káńtà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi bàtà tó kún fún ìgbẹ́ màlúù wọlé wá ra rọ́bà àti páìpù. Nígbà tó yá, àwọn àgbẹ̀ ò wá mọ́, wọ́n ń pe fóònù. Ní oṣù kìíní ọdún 1990, Lyle Brandvold tó ni ilé iṣẹ́ náà ti káńtà pa. Ẹni tó ń dúró níbẹ̀, LaVonne Kubiak, ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, gbé ife kọfí rẹ̀ àti tìmùtìmù ìjókòó rẹ̀ gòkè wá, ó jókòó sí tábìlì kẹfà, ó tẹ orúkọ rẹ̀, ó sì rí i pé àyè ti kún.

Ohun tó tún wá mú ọ̀rọ̀ náà dùn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni pé òun gan-an ni olùtọ́jú kọ̀ǹpútà náà. Yàrá tóóró tí wọ́n gbé e sí kò jìnnà sí káńtà, torí náà òun ni Curt kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ téèpù tó ń pa iṣẹ́ ọjọ́ mọ́ láràárọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tú ìlà tábìlì tó bá há. Òun nìkan, yàtọ̀ sí Curt, ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí ohun gbogbo. Ó lè wọ yàrá yẹn kó pàṣẹ fún ẹ̀rọ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n kò sí fóònù nínú yàrá náà, iṣẹ́ tí ènìyàn bá sì ṣe níbẹ̀, kò sí lórúkọ ẹnikẹ́ni.

Lyle pè wọ́n jọ ní ọjọ́ kejì.

"Mo ti pe California," ó ní. "Wọ́n ní a lè ra ti ènìyàn mẹ́rìndínlógún. Owó rẹ̀ tó owó ọkọ̀ akẹ́rù tuntun."

"Mẹ́rìndínlógún kẹ̀?" Delores Jicha ló dá a lóhùn. Ẹnu Delores kì í dilẹ̀, kì í sì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. "Mẹ́fà la jẹ́, Lyle. Ní kí wọ́n ta ti mẹ́fà fún ẹ."

"Kò sí mẹ́fà."

"Kí ló dé tí kò fi sí mẹ́fà?"

"Márùn-ún ló wà. Tó bá kọjá márùn-ún, mẹ́rìndínlógún ló kàn. Bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn."

"Ṣé ẹyin ni, tí wọ́n á máa tà á ní páálí páálí?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, Lyle náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò rí i rín. Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé fún mi irú ọmọ ènìyàn tó jókòó sí ọ́fíìsì tó kà á láti márùn-ún fò sí mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kà á bẹ́ẹ̀, ó sì jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Mi ò ní ra ti mẹ́rìndínlógún fún ènìyàn mẹ́fà," ni Lyle wí. "Tí oṣù kejì bá fi máa parí, a máa di márùn-ún. Èmi kọ́ ni màá yan ẹni tó máa lọ. Kọ̀ǹpútà ń kọ wákàtí tí oníkálukú lò lórí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá kéré jù…"

Kò parí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, bó bá fẹ́ lé ènìyàn, á wo onítọ̀hún lójú, á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á fún un ní odidi itan ẹlẹ́dẹ̀ kan gbé lọ sílé. Ọmọ gbé tirẹ̀ lé ẹ̀rọ lórí, ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé.

LaVonne ò lè fi iṣẹ́ yìí ṣeré. Norbert ọkọ rẹ̀ ti fi ọgbọ̀n ọdún sin màlúù, koríko gbígbẹ tó ti bu tó ń tú fún wọn ní gbogbo ìgbà òtútù ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ti ta àwọn màlúù. Ọ́síjìn inú àgbá irin ló ń mí báyìí, rọ́bà tín-ínrín wà nínú imú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Inṣọ́ránsì tí Brandvold ń san fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti ìdílé wọn ló ń ra àgbá wọ̀nyẹn, òun náà ló ń san owó dókítà. Bí iṣẹ́ LaVonne bá lọ, inṣọ́ránsì lọ nìyẹn, kò sì sí òmíràn tó máa gba ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti jẹra sọ́dọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò ní àbùjá.

Láti ọjọ́ kejì ìpàdé yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí kùtùkùtù. Aago mẹ́fà ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ bá fún wàrà tán ni wọ́n ń mọ ohun tó bàjẹ́. Ardis, tó dàgbà jù nínú wọn, sún un sí aago márùn-ún ààbọ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Zastrow méjèèjì sún un sí márùn-ún. Renae Thiel, ọmọ ọdún méjìlélógún, kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òun ni Lyle ń bá lẹ́nu ọ̀nà kó tó yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá ti wọlé, kì í jáde mọ́. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń jẹun, wọ́n sì ń mú ìtọ̀ mọ́ra bí awakọ̀ ọ̀nà jíjìn. Káàdì ayò tí wọ́n máa ń ta lọ́sàn-án, tí wọ́n máa ń fi orúkọ ìyá ara wọn búra lé lórí, wà nínú dúrọ́ọ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀.

LaVonne ò lè dé kó tó di aago méje. Láràárọ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbá Norbert lẹ́yìn títí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò fi já, kó wẹ̀ ẹ́, kó pààrọ̀ àgbá. Tó bá máa fi dé, ojú dígí márùn-ún ti ń tàn sí ojú obìnrin márùn-ún, tirẹ̀ ló ń ṣókùnkùn. Á gbé fóònù, á kọ ohun tí àgbẹ̀ ń fẹ́ sórí ìwé, á bẹ ẹlòmíràn kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà ń di ti ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìpàdé, ní aago mẹ́wàá, Delores dìde ní tábìlì rẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó ní òun ń lọ ka páìpù nísàlẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lọ ló tẹ̀ sí etí LaVonne. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wọ aṣọ funfun gba Ara Olúwa lákọ̀ọ́kọ́.

"Vonnie, mo ti jáde. Tètè wọlé."

"Delores, wákàtí tìẹ ńkọ́?"

"Mo ní in nílẹ̀. Èmi opó, kí ni mo fẹ́ máa fi ìdájí ṣe nílé, ṣé kí n máa ka òrùlé ni? Wọlé, jàre."

"Mi ò lè gba irú ẹ̀."

"O lè gbà á. Mo ti ṣírò ẹ̀. Renae ló kàn ẹ́ lókè. Oṣù kẹfà ló ń ṣègbéyàwó, ó ń kó lọ Green Bay, kò ní í dùn ún. Tó o bá ti kọjá Renae, tí èmi náà ṣì wà lókè ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Má sọ fẹ́nikẹ́ni."

LaVonne tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ gbà á wọlé. Ojú tì í pé inú òun dùn tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wákàtí méjì lójoojúmọ́ ni Delores ń yọ nínú tirẹ̀ fún un, tó ń lọ sísàlẹ̀ lọ ka ohun tó ti kà lánàá.

Ṣùgbọ́n wákàtí méjì ò tó. Renae náà ti jáwọ́ nínú jíjáde lọ bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jẹun ọ̀sán. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó parí oṣù kìíní, LaVonne ti ìsìn dé, ó gbé ọbẹ̀ adìẹ fún Norbert, ó jókòó tì í.

"Mélòó ló kù kó o tó bá ẹni tó kàn ẹ́?" Norbert bi í.

"Mọ́kànlá."

"Wákàtí mọ́kànlá." Ó sinmi kó tó lè sọ èyí tó kù. "Tí mo bá mọ̀ pé koríko ló máa pa mí, ǹ bá ti máa fa sìgá bí ọmọlúàbí."

"Mu ọbẹ̀ ẹ."

"Tà mí fún ọlọ́jà màlúù."

"Ta ló fẹ́ ra akọ màlúù tó ń hó bí ìkòkò?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì di ikọ́, ikọ́ náà ò sì tètè dá. LaVonne di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Egungun ìhà rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí ohun tí òun ò ní ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó wọ yàrá tóóró láti pààrọ̀ téèpù, ó dúró níwájú dígí ẹ̀rọ. Ìlà kẹrin ni ti Renae. Tí ìjì bá jà, tí ìlà kan há, Curt ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tì í pa kí wọ́n tó tún ṣí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, àti nọ́ńbà. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà ò sì bi í léèrè ìdí.

Ó ti jókòó sí tábìlì rẹ̀, ó ti wọlé, kó tó gbọ́ igbe.

"Yéè! Tèmi ti kú! Mísíìsì Kubiak, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó!"

LaVonne lọ. Ó kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì Renae, ó fọwọ́ kan wáyà tí kò ṣe nǹkan kan. Bàtà ọmọbìnrin náà wà níwájú rẹ̀ gan-an, yìnyín ti rin ín gbingbin, ó sì ti ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè móoru. Ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti aago mẹ́rin ààbọ̀.

"Wáyà ni," LaVonne wí láti abẹ́ tábìlì. "Màá rí sí i tó bá di ọ̀sán."

"Ẹ ṣé gan-an ni. Mi ò mọ bá a ṣe fẹ́ ṣe é láìsí yín níbí."

Ìwé kan wà tí wọ́n so mọ́ ara ògiri yàrá ẹ̀rọ. Ohun tó bá bàjẹ́, olùtọ́jú gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀: ibi tó ti bàjẹ́, aago tó kú àti aago tó jí. Curt ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, Lyle sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé ó fẹ́ràn ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀. Bí LaVonne ò bá kọ ọ́, wọ́n á bèèrè. Ó kọ ọ́: Tábìlì Renae. Wáyà. Aago méje àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán. Ìkọ̀wé rẹ̀ dára, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì ló kọ́ ọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò lè dá a gbé mọ́, ó sọ ọ́ fún Norbert bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

"Ọmọ ta ni?" Norbert bèèrè.

"Ọmọ Thiel, àwọn tí oko wọn wà létí odò."

"Nígbà tí apá mi ṣẹ́, bàbá ẹ̀ ló bá mi gé koríko. Odidi oko."

"Mo mọ̀."

"Fi í sílẹ̀, Vonnie."

"Kí n wá fi kí ni ra èémí tó o fi ń bá mi sọ ọ́ yẹn?"

LaVonne fi aṣọ nù ún lẹ́yìn, ó pààrọ̀ àgbá, ó wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, kò ti ìlà Renae pa. Lọ́jọ́ kejì, ó tì í pa.

Ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù kejì ni Lyle jáde sí wọn pẹ̀lú ìwé gígùn tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ó mú ìwé ara ògiri náà dání ní ọwọ́ kejì. Fóònù ń dún, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. LaVonne ti mọ ohun tó máa kà, torí pé òun ló tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Renae ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Òun fúnra rẹ̀ ló kan Renae lókè, Delores ló kan òun. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, àmọ́ ó ń mí.

"Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta," ni Lyle wí. "Bí ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́, Renae ni tiẹ̀ kéré jù."

Renae fọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣùgbọ́n mo rò ó pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀ tí wáyà ẹ̀ bá bàjẹ́." Ó gbé ìwé ara ògiri sókè. "LaVonne kọ gbogbo ẹ̀ síbí, aago tó kú, aago tó jí, kò fo ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ ló ni wáyà. Mo dá wákàtí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n padà fún un. Mi ò lè gbé ẹ̀ṣẹ̀ wáyà lé èèyàn lórí."

LaVonne di etí tábìlì mú. Ó ti rí i. Renae ti gòkè kúrò nísàlẹ̀, òun ló wá kù nísàlẹ̀.

"Nígbà tí mo tún wá wo ìwé yìí dáadáa," Lyle ń bá a lọ, "mo rí i pé LaVonne pẹ̀lú fi wákàtí púpọ̀ tọ́jú ẹ̀rọ, tó ń pààrọ̀ téèpù, tó ń tún wáyà ṣe, kò sì sí ẹni tó kà á mọ́ wákàtí ẹ̀. Iṣẹ́ ni, ó yẹ ká kà á. Mo kà á fún un." Ó wo ilẹ̀. "Ẹni tó kéré jù ni Delores. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dín sí ti ẹni tó kàn án."

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí Lyle Brandvold gbìyànjú òdodo láyé rẹ̀ nìyẹn, ẹ sì wá wo ibi tó já sí. Wákàtí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí Renae ò pàdánù sọ́wọ́ wáyà, òun ni wọ́n dá padà fún un. Àtúnṣe ohun tí kò bàjẹ́ ni wọ́n fi san LaVonne lẹ́san. Delores nìkan ló pàdánù ohun tó pàdánù lóòótọ́, kò sì sí ìwé tí wọ́n kọ tiẹ̀ sí.

Ètè Delores ń mì, ó ń ṣírò. Ó ti ṣírò ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sì sí ìgbà kan tó rò ó pé ẹnìkan lè jókòó kó máa dá wákàtí padà fún ènìyàn. Ó yẹ kó sọ pé òun fún LaVonne ní méjì méjì lójúmọ́. LaVonne ń retí kó sọ ọ́. Ó tiẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kó sọ ọ́, kó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

"Ó dáa," Delores wí. "Lyle, èmi ni mò ń pààrọ̀ ìlédìí ẹ nígbà tí màmá ẹ wà nílé ìwòsàn. Mo rò pé ohun tó ń jáde lára ẹ ò tún lè yà mí lẹ́nu mọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ?" Lyle bèèrè.

Wáyà ò bàjẹ́. Gbogbo ohun tó gbà kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lọ. LaVonne la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó rí ọkọ̀ tó máa ń já àgbá sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó rí i tó kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wọn láìdúró. Ó pa ẹnu dé. Renae ń sunkún ayọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, ó ń sọ fún un pé ìwé tó kọ yẹn ló gba òun là.

Wọ́n jọ jáde síbi tí ọkọ̀ wà. Páálí kan ni ẹrù Delores: ife rẹ̀, bàtà inú ilé rẹ̀, àwòrán ọkọ rẹ̀ tó ti kú. LaVonne bá a gbé e. Kí wọ́n tó dé ìdí ọkọ̀, ẹkún ti gbé e.

"Má sunkún," Delores wí. "Èmi ni mo fún ẹ. Kò sẹ́ni tó fipá gbà á lọ́wọ́ mi."

"Delores, wáyà yẹn…"

"Wáyà yẹn ló ṣe mí, mo mọ̀. Ta ló mọ̀ pé yóò máa bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìwọ tún un ṣe débi tí agbára ẹ mọ." Ó gba páálí, ó sọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì nu ojú LaVonne pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọdé. "Gbọ́ mi. Mo ti rò ó nígbà tí ọmọkùnrin yẹn ń sọ̀rọ̀. Mi ò ní ibi tí mò ń lọ láàárọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ Ajé, màá máa wá bá Norbert. Màá gbá a lẹ́yìn, màá wẹ̀ ẹ́, màá pààrọ̀ àgbá. Ìwọ á lè dé ibí ní márùn-ún bí àwọn yòókù. Ẹnikẹ́ni ò ní í rí àyè ẹ gbà mọ́ láéláé."

"O ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀."

"Pa ẹnu ẹ dé, Vonnie. Ó kéré tán, jẹ́ kí ó wúlò fún nǹkan kan."

Nígbà tí LaVonne délé tó ròyìn, Norbert gbọ́ ọ dópin. Kò bú u. Ó yí ojú sí ògiri, kò sì bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò bá a sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi.

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ní ọjọ́ Ajé ni Delores kanlẹ̀kùn, yìnyín lórí fìlà rẹ̀, abọ́ àkàrà eléso lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yìn dà, arúgbó," ó wí fún Norbert, "mo ti lu màlúù tó sanra jù ẹ́ lọ." Norbert wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀, omi sì lé sí i lójú. Ó yí ẹ̀yìn padà. Delores rò pé àìsàn ni.

"Lọ," ó sọ fún LaVonne. "Lọ, kí wọ́n má gba àyè ẹ."

LaVonne wa ọkọ̀ lọ. Kò sí ọkọ̀ kankan níwájú ilé iṣẹ́, iná ò sì tàn lókè. Ènìyàn márùn-ún ló kù fún àyè márùn-ún, kò sẹ́ni tó tún nílò láti tètè dé. Ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ títí Lyle fi dé ní aago mẹ́fà ku díẹ̀. Nígbà tó tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ gbà á wọlé kíá.

Kò lè sọ fún Delores pé kò sí ìdí láti máa jí kùtùkùtù mọ́. Bó bá sọ ọ́, kí ló kù tí àyè tí Delores pàdánù wúlò fún? Torí náà, láràárọ̀, ní gbogbo oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ó ń jáde nílé ní aago márùn-ún, ó ń lọ jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilẹ̀kùn títì fún wákàtí kan. Bó bá sì darí dé lọ́sàn-án, ojú Delores ló kọ́kọ́ ń wò, kó tó wo ojú ọkọ rẹ̀, bóyá Norbert ti sọ fún un. Kò tíì sọ. Ó ń bá Delores sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. LaVonne nìkan ni kì í bá sọ nǹkan kan.

"Ó jẹun dáadáa lónìí," Delores á wí, á máa wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. "Màá tún dé lọ́la, ní àkókò yẹn náà."

LaVonne á ní ó dáa, á sì kí i pé ó kú iṣẹ́.